Ẹnu-Ọ̀nà Tí Òkè Mọ Síwájú Kámíò

Kámíò kan, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù, wà lẹ́bàá ọ̀nà oko Akparé tó ní ẹnu-ọ̀nà. Mi ò sọ pé ilẹ̀kùn o, kámíò wo ni kò ní ilẹ̀kùn? Ẹnu-ọ̀nà ni mo wí: amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ pò, tí a mọ sókè títí ó fi ga ju ènìyàn lọ, tí a gbé àtẹ́rígbà ìrókò lé lórí, tí a sì tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sí nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀ láti tẹ̀ wọlé. Àwọn tó ń lọ sọ́jà Elavagnon máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ta lẹni tó fẹ́ kọ́lé, tó kọ́ ẹnu-ọ̀nà tán, tó gbàgbé ilé. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ẹni tó mọ ọ́n, mo sì mọ ohun tó ń wá.

Òkè ni. Gérard ni àwọn fadá pè é níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo wa bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, ó mú èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò sì padà sí ti fadá mọ́. Àwa yòókù ń jẹ́ méjì, ọ̀kan fún bírò ìjọba, ọ̀kan fún ilé. Ìyá Joachim ni wọ́n ń pè mí, Joachim náà ni mo sì ń pe ọmọ mi títí di òní. Ìjọba kò bá mi rọbí rẹ̀. Oko èmi àti ọkọ mi bá oko Òkè pààlà, igi òrí ńlá kan ló wà láàárín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé Òkè kì í ṣe ẹni tí kò nílé. Bàbá rẹ̀ ní ilé ní Atakpamé, ilé ńlá tó ní àgbàlá, òun àti Maurice ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ ojú ọ̀nà ni Òkè ń ṣe nígbà náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi ṣọ́bìrì dí kòtò. Adèle ìyàwó rẹ̀ jẹ́ obìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ikọ́ ló pa á. Inú yàrá wọn níbẹ̀ ló kú sí, ó fi Justine sílẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè gbé korobá omi.

Wọn kò tíì ká ẹní ọ̀fọ̀ nílẹ̀ tí Maurice fi ní kí wọ́n gbé ibùsùn àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wọ yàrá Adèle. Ó ní ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi yàrá méjì ṣe? Òkè ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ níbi tí wọ́n ti gbàdúrà fún òkú rẹ̀, ó bá ìkòkò Adèle, àwo Adèle, aṣọ Adèle lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ti pa gbogbo wọn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi igbá bu omi mu, ó da igbá náà dé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n bí obìnrin, ó sì jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá da igbá dé báyẹn ti sọ ọ̀rọ̀ tán. Kò tún gbọdọ̀ wọ ilé náà mọ́, àfi bí àgbà ilé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí igbá, tó bu omi sínú rẹ̀, tó gbé e lọ bẹ̀ ẹ́ níbi tó wà. Bí ó bá wọ ibẹ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà pé òun ni ó jẹ̀bi. Maurice kò ṣí igbá. Òkè náà kò wo ẹ̀yìn. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan, ohun tí ìyá wọn máa ń sọ nípa wọn nìyẹn láti kékeré, ó sì rí i kó tó kú.

Kámíò náà, ti Isidore ni, oníṣòwò iṣu kan ní Elavagnon. Ó ń kó iṣu lọ sí Atakpamé ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sí ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjú sí oko Òkè. Òkè àti ọmọ rẹ̀ ti ń sùn nínú ahéré ewé nígbà náà. Ó bá Isidore ṣọ́ iṣu yẹn títí kámíò mìíràn fi wá kó o, ẹyọ kan kò sọnù. Àwọn mẹkaníìkì wá láti Atakpamé, wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lọ, wọ́n padà wá yọ gíà, wọ́n padà wá yọ táyà. Nígbà tí ó ku egungun, Isidore ní bí Òkè bá lè rí nǹkan fi í ṣe, kó máa fi í ṣe é. Ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin àdúgbò fi okùn àti igi yí i wọ inú oko, wọ́n gbé e ka òkúta lábẹ́ igi òrí. Èmi rò pé adìyẹ ló máa sìn sínú rẹ̀.

Ènìyàn ló sìn sínú rẹ̀, ó sì sìn ín dáadáa. Ó gé fèrèsé sí ara pákó, ó fi koríko bo páànù òrùlé kí oòrùn má bàa sè wọ́n. Ó to pákó méjì ní ẹ̀yìn, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ọmọ. Òjò ló ń fún un lómi: ó la ọparun sí méjì, ó fi gbé omi òrùlé wá sínú àgbá irin. Iná rẹ̀ kò ju òwú tí a rì sínú òróró òrí lọ. Ibi tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìkòkò sí i, oyin sì wá wọ̀ ọ́. Bí oyin náà bá ń dún lọ́sàn-án, á ní, ẹ gbọ́, ẹ́ńjìnnì mi ti jí. Iyọ̀ àti ìṣáná nìkan ni ọjà mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn kan ní ó ya ahun, àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, ohun tó máa fi dá wọn lóhùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Justine dàgbà sí. Àwọn mẹkaníìkì ti fi fọ́láàn sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ róbótó tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀, bóyá nítorí pé ó ti là. Òkè kó àgbàdo irúgbìn sí ibi tí èrò ń jókòó, ṣùgbọ́n ibi awakọ̀, ti Justine ni. Bí mo bá ń ro oko lọ́wọ́, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bi bàbá rẹ̀ pé ibo ló ń lọ lónìí. Òkè á ní Lomé. Á gbé e lọ sí Lomé. Lọ́jọ́ mìíràn á ní Blitta, tàbí Kútọnu, tàbí kó gbé òun dé ibi tí Adèle wà. Ọmọ náà á yí kẹ̀kẹ́ náà, á yí i, títí ọwọ́ á fi ro ó, bàbá rẹ̀ á sì ní wọ́n ti débẹ̀. Dígí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni Justine fi kọ́ irun dídì. Inú kámíò ló ti ń lọ ilé ìwé àwọn fadá ní Akparé, aṣọ rẹ̀ sì ń mọ́ ju ti àwọn ọmọ tó ń gbé inú bíríkì lọ. Mi ò ní parọ́, ó máa ń wù mí kí n rí wọn.

Lọ́dún ọ̀dá ńlá, 1983, nígbà tí iná ìgbẹ́ jó oko wa títí dé ìdí igi òrí, àgbàdo tó wà nínú kámíò ni ilé méjèèjì jẹ. Òkè kò bu ún fún wa bí ẹni ṣoore. Ó kàn gbé e wá, ó ní kòkòrò fẹ́ bà á jẹ́, kí a bá òun jẹ ẹ́. Kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni, oore rẹ̀ kò ṣòro gbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò ṣeé yí padà.

Lẹ́yìn ọ̀dá náà ni Justine lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Datcha. Ibẹ̀ ló ti pàdé Fáníyì. Ọmọ àgbẹ̀ olówùú ni, onísùúrù, ó ń wo ilẹ̀ bí ó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdílé wọn kò bá fadá lọ. Òrìṣà bàbá wọn ni wọ́n ń bọ, wọ́n sì mọ àṣà délẹ̀délẹ̀. Fádáhùnsí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni olórí ilé. Justine mú Fáníyì wá sí kámíò, Òkè fún un ní oyin jẹ, ó sì bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń to òwú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà lọ tán, Òkè wá bá mi ní oko. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń tọrọ kí òun tó kú: kí òun da omi sẹ́sẹ̀ Justine.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa nìyí. Àwọn ará ọkọ á wá pàtẹ́wọ́ ní ẹnu-ọ̀nà bàbá ọmọ, wọ́n á tọrọ rẹ̀. Bí bàbá bá gbà, á bu omi, á dà á sórí òkúta ẹnu-ọ̀nà, ọmọ á sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ omi náà jáde. Bí ó bá dé ilé ọkọ, wọ́n á tún da omi sí i lẹ́sẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ló ń pe èkejì. Ọmọ tí kò tẹ omi bàbá rẹ̀ jáde, ó lè bímọ mẹ́wàá fún ọkùnrin kan, àlejò ni nínú ilé yẹn. Bí ó bá kú, bàbá rẹ̀ ló ni òkú. Ọmọ tó bá bí pàápàá, ilé bàbá rẹ̀ ló ni ín.

Fádáhùnsí wá pẹ̀lú àwọn àgbà mìíràn. Ó yí kámíò náà po, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì yínmú. Ó jókòó, ó jẹ iṣu tí mo sè, ó yin oyin. Nígbà tó jẹun tán ló sọ̀rọ̀.

“Baba Justine, ọmọ yín wù wá. Ẹ̀yin náà wù wá. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi okùn fà wá síbí, wọ́n lè fi okùn fà á lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé lọ́la láàárín ọmọ wa àti ọmọ yín, ẹnu-ọ̀nà wo la ó wá pàtẹ́wọ́ sí? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé bàbá yín ní Atakpamé.”

Òkè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà.

Èmi ni mo lọ bá Maurice. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi, inú ló ń bí mi. Maurice ti fi bíríkì tún ilé náà kọ́, ó ti sanra, ó gbé àga fún mi, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ kó bu omi wá. Mo rí igbá náà. Ó ṣì wà níbi tí àbúrò rẹ̀ dà á dé sí, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà, alántakùn ti takùn sí i lára. Wọ́n wó ògiri àtijọ́, wọ́n gbé tuntun, kò sì sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kan igbá. Mo sọ ọ̀rọ̀ Justine fún un. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ rọ̀, mo rò pé mo ti rí i mú. Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó da igbá dé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, pé bí Òkè bá wá, kò sẹ́ni tó máa tì í síta. Mo sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni àṣà, pé òun ni àgbà. Ó ní òun mọ̀. Mo dìde, mi ò mu omi rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Òkè lójú Justine. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Kò sunkún, ọmọ tó ní làákàyè ni.

Ó ní, “Papa, ìyá mi kò sí nínú yàrá yẹn mọ́. Ẹ bá mi wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè jáde.”

Òkè fà á dìde. Ó ní, “Bí mo bá wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ mí, mo ti sọ pé ó dára bí wọ́n ṣe kó ẹrù ìyá rẹ sínú òjò. Ohun gbogbo ni kí o tọrọ lọ́wọ́ mi, Justine. Má tọrọ ìyẹn.”

Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Mo ń bínú sí i títí di ìsinsìnyí tí mo ń sọ ọ́. Síbẹ̀, bí mo bá rántí aṣọ Adèle nínú òjò, mi ò mọ ohun tí èmi ì bá ṣe.

Ní ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ìró ọkọ́. Òkè ń wa ilẹ̀ síwájú kámíò. Ó ń da omi sínú amọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń gé koríko gbígbẹ sí i. Mo bi í pé kí ni. Ó ní wọ́n ń bèèrè ẹnu-ọ̀nà, òun náà fẹ́ fún wọn ní ẹnu-ọ̀nà. Ó mọ ọ́n ní ìpele ní ìpele, á mọ ọ̀kan, á dúró kó gbẹ, á tún mọ òmíràn. Ó lọ sí etí odò lọ gbé òkúta pẹlẹbẹ kan wá lórí, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Justine fi ìgbẹ́ màlúù àti eérú rẹ́ ara ẹnu-ọ̀nà náà títí ó fi ń dán. Ìgbà yẹn ni mo rí ayọ̀ lójú bàbá àti ọmọ jùlọ. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ wò ó, bí ẹni tó ń wo ilé ẹlòmíràn. Ní tòótọ́, ó dára. Ó dára ju ti Maurice lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Datcha. Fádáhùnsí tún wá. Ó dúró síwájú ẹnu-ọ̀nà náà pẹ́, ó fi ọwọ́ ra ògiri rẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Òkè ti gbé omi sílẹ̀ nínú igbá tuntun. Justine ti bọ́ bàtà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ijó nínú ara mi.

Bàbá àgbà náà kò pàtẹ́wọ́. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó dì í mú. Ó ní, “Baba Justine, ta ló sùn síbí?”

Òkè ní òun àti ọmọ òun ni.

“Mo ní ta ló sùn sínú ilẹ̀ ibí. Ẹnu-ọ̀nà tí kò sí òkú lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ la ń pàtẹ́wọ́ sí. Ilé tí kò tíì sin ẹnikẹ́ni kò tíì di ilé. Èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gba ọmọ yín níhìn-ín, àwọn bàbá mi kò ní mọ ibi tí mo ti gbà á.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ó dé fìlà rẹ̀ padà, wọ́n sì lọ. Òkè gbé igbá omi náà, ó rìn lọ sí ìdí ata rẹ̀, ó dà á síbẹ̀. Inú ilẹ̀ ní Atakpamé ni bàbá rẹ̀ wà, ìyá rẹ̀ wà, Adèle pàápàá wà, lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà tí kò lè wọ̀.

Justine lọ bá Fáníyì. Kí ni kó ṣe? Oyún ti wà. Kò sá lọ. Ó di ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbá mi mọ́ra. Ó gba ẹnu-ọ̀nà amọ̀ náà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Òkè kò bá a wí, kò sì súre fún un. Mo súre fún un, ṣùgbọ́n mi ò bí i.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Datcha, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi nígbà tó wá kí bàbá rẹ̀ pé wọn kò jẹ́ kí òun gbálẹ̀ ojúde, nítorí pé ìyàwó ilé ló ń gbá a. Wọn kò jẹ́ kí òun bu omi fún àlejò. Òun ń jẹun lórí àga, lọ́tọ̀, bí ẹni tó wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́, bí ìyá rẹ̀. Ó rán ẹ̀wù kan fún Òkè, òwú Datcha, ó sì wọ ibi awakọ̀ nínú kámíò, ó di fọ́láàn mú. Ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè súnmọ́ ọn dáadáa. Ó bi bàbá rẹ̀ pé ibo ló ń lọ. Òkè ní òun kò lọ ibì kankan, kí ó máa bọ̀ wá sílé lòun fẹ́.

Ó bímọ, obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dúró.

Òwúrọ̀ ni wọ́n gbé e wá, nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kó òwú. Ìṣù òwú díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ tí wọ́n fi wé e. Fádáhùnsí fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í. Fáníyì kò lè sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tí kò tẹ omi jáde, bàbá rẹ̀ ló ni òkú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ohun tó tọ́. Mo mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni. Síbẹ̀ mo sọ ọ́ sí bàbá àgbà náà lójú pé nígbà tí wọ́n wá gba ìyàwó, wọn kò rí ilé níbí, báwo ló ṣe wá jẹ́ pé òkú ló fi ilé hàn wọ́n? Ó tẹrí ba. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Òkè jáde sí ẹnu-ọ̀nà. Ó wọ ẹ̀wù tí ọmọ rẹ̀ rán. Ó wo inú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí orí rẹ̀ kan ògiri.

Kí oòrùn tó mú ni Maurice dé. Ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún un. Ó sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, sísanra rẹ̀ ń dà á láàmú, igbá àtijọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí i, ó ti nù ún, omi wà nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀, kí ó jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé, kó lọ sùn ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Òkè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró dè ni. Òkè gba igbá náà, ó fi ẹnu kàn án, ó sì gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde.

Ó ní, “Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ilé Justine nìyí, ibí ni kí ẹ gbẹ́ ibojì rẹ̀ sí.”

Wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ẹnu-ọ̀nà náà, láàárín rẹ̀ àti kámíò. Maurice náà di ọkọ́ mú. Katikísì, olùkọ́ ìjọ àwọn fadá, wá láti Akparé, ó ka àdúrà. Oyin ń dún nínú ihò ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ní ẹ́ńjìnnì ti jí.

Wọ́n ká ẹní ọ̀fọ̀ tán, ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀, mo ń wá ẹni tó máa fún un lọ́mú. Lábẹ́ àṣà, Òkè ló ni ín. Bí Òkè kò bá fi ìyá rẹ̀ fún wọn, ọmọ náà kò ní bàbá, Fáníyì kò sì lè pè é ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ìró ọkọ̀, mo gbé ọmọ náà, mo sáré lọ sí ìdí kámíò.

Fádáhùnsí dúró níwájú ẹnu-ọ̀nà amọ̀, Fáníyì lẹ́yìn rẹ̀. Òkè jókòó síwájú kámíò, ní ibi awakọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí fọ́láàn. Bàbá àgbà náà bọ́ bàtà, ó yọ fìlà. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Àgò onílé o.”

Òkè sọ̀kalẹ̀, ó rìn yípo ibi tí ilẹ̀ ti ga, ó dé ẹnu-ọ̀nà.

Ó ní, “Ṣé ilé ni, Bàbá?”

Fádáhùnsí ní, “Ilé ni. A wá tọrọ Justine.”

Òkè wọlé lọ, ó fi igbá Maurice bu omi nínú àgbá. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ dà á, mo sún mọ́ ọn, mo tú aṣọ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, mo fẹ́ gbé e kan òkúta. Òkè fi ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, “Rárá, Ìyá Joachim. Ti ìyá rẹ̀ nìyí. Tirẹ̀ á tó àkókò.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da omi náà sórí òkúta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dà á sí ẹsẹ̀ ènìyàn. Omi náà tàn kárí òkúta, ó ṣàn sí ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀. A dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi gbẹ ẹ́.